Àlejò Ogójì Ọjọ́

Lọ́jọ́ tí Rìnsọ́lá wọ Ìwó, inú mi dùn débi pé iyọ̀ ni mo dà sínú tíì tí mo fi ṣe é lálejò. Ó mu ún tán. Ó ní, “Ẹ ṣeun, Àǹtí,” ó sì gbé kọ́ọ̀pù lélẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìgbà tí mo bu tèmi sẹ́nu ni mo tó pariwo. Ó yẹ kí n ti fura láti ìgbà náà pé irú obìnrin tí í gbé nǹkan mì láìbá ẹnikẹ́ni jiyàn nìyí.

Haneefah lorúkọ mi. Èmi ni mo dá ilé-ìwé tí gbogbo àdúgbò ń pè ní ilé-ìwé eré sílẹ̀. Kì í ṣe ohun tí mo kọ sára pátákó nìyẹn, ṣùgbọ́n ta ló ń ka pátákó? Ohun tí wọ́n ń rí ni pé àwọn ọmọ wa ń fi amọ̀ kọ́ ìṣirò, wọ́n ń fi àkísà ya àwòrán ìlú, kò sì sí pàṣán kankan nínú ọgbà náà. Lójú àwọn òbí kan, ilé-ìwé tí kò ní pàṣán kò yàtọ̀ sí ọbẹ̀ tí kò láta. Síbẹ̀, ọmọ mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló ń sáré wọlé wá láràárọ̀, tí a óò sì máa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n lọ sílé nírọ̀lẹ́.

Lẹ́yìn ilé-ìwé náà ni ilé bàbá wa wà, yàrá mẹ́rin àti pálọ̀ kan. Látìgbà tí bàbá ti kú, eku nìkan ló ń ṣe fàájì níbẹ̀. Mo wá kà á lórí fóònù pé níbòmíràn, ilé-ìwé kéékèèké bíi tiwa a máa fún oníṣẹ́-ọnà nílé gbé fún ìgbà díẹ̀. Kò ní dáná, kò ní sanwó ilé, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni yóò gbájú mọ́, àwọn ọmọ yóò sì máa wo bí ohun tí kò sí rárá ṣe ń di ohun tó wà. Ẹ wò ó, orí mi wú! Oorun kò kùn mí fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo kun ilé náà ní àwọ̀ òféèfèé, mo sọ ọ́ ní Ilé Ọnà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Sirajudeen, kò rí ọnà kankan níbẹ̀. Yàrá mẹ́rin tí àwọn ọmọ yunifásítì lè gbà ló rí. Nígbà tí ẹbí jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí, wọ́n ní kí n mú àlejò kan ṣoṣo wá kí gbogbo wa wò ó. Bí ogójì ọjọ́ bá pé, tí àlejò náà bá ní ohun kan tí àdúgbò lè wá fojú rí, ilé di ti ilé-ìwé. Bí kò bá ní, kí n fa kọ́kọ́rọ́ lé Bọ̀dá Siraju lọ́wọ́ níwájú gbogbo èèyàn. Mo ní mo gbà. Ẹnu mi máa ń yá ju ọgbọ́n mi lọ.

Bí mo ṣe pe Rìnsọ́lá nìyẹn. Abẹ́òkúta ló ti wá. Ọmọláńgidi ló ń ṣe: igi ni egungun wọn, aṣọ ni awọ ara wọn, òmíràn a sì ga dé ìbàdí àgbàlagbà. Mo ti rí iṣẹ́ rẹ̀ rí, mo sì mọ̀ pé bí ilé bàbá mi yóò bá bọ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ọwọ́ obìnrin yìí ni. Àfi ìgbà tí ó di ọjọ́ kejì tí ó sọ fún mi pé ó ti tó ọdún kan tí òun kò rí nǹkan kan ṣe. Ó ní bí òun bá mú abẹ́rẹ́, ọwọ́ òun kì í mọ ibi tí yóò gún.

Mo ní, “Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe?”

“Ìdákẹ́rọ́rọ́, Àǹtí. Bí mo bá lè dá wà díẹ̀.”

“Ìdákẹ́rọ́rọ́? Ìyẹn ò tó nǹkan!”

Ẹni tó bá mọ Ìwó yóò ti máa rẹ́rìn-ín báyìí. Nílùú wa, àlejò tí a bá fi sílẹ̀ lóun nìkan, ìyà ni wọ́n gbà pé a fi ń jẹ ẹ́. Nítorí náà mo dìde, mo gba ilé dé ilé, mo ń ṣàlàyé. Mo ní obìnrin kan wà nínú ilé bàbá mi. Ogójì ọjọ́ ni yóò lò. Kò ní jáde. Kò fẹ́ ariwo. Àwa la ó máa gbé oúnjẹ fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe yọ ọ́ lẹ́nu. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Àlàájà Hàbíbátù, tí ó jẹ́ àgbà láàrin àwọn opó àdúgbò, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Ó yé wa, Àníífà. Ó yé wa dáadáa.” Omi lé ròrò sí i lójú. Èmi òmùgọ̀, mo rò pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́-ọnà ló wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n rí láti ojú fèrèsé. Obìnrin tó gé irun mọ́lẹ̀, nítorí ooru. Aṣọ funfun gbàgẹ̀rẹ̀ lọ́rùn rẹ̀, nítorí pé òun ló fi ń ṣiṣẹ́. Kò sí yẹtí, kò sí ẹ̀gbà ọrùn, nítorí òwú máa ń kọ́ wọn. Àpólò tí ó kó nínú ọkọ̀ sì ti sọ ojú rẹ̀ méjèèjì di pupa bí epo. Kí ló kù? Òkú nìkan ló kù.

Èmi fúnra mi kò wọ ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ìdákẹ́rọ́rọ́ ni mo ń tọ́jú. N óò gbé abọ́ oúnjẹ sẹ́nu ọ̀nà, n óò yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ padà bí olè. Mo kàn ń ṣàkíyèsí pé oúnjẹ mi kì í fẹ́ẹ̀ dín kù. Lọ́jọ́ kẹjọ, mo gbé abọ́ dé ẹnu ọ̀nà, mo gbọ́ ẹ̀rín. Kì í ṣe ẹ̀rín ẹnì kan. Ẹ̀rín àwọn obìnrin tó ti jókòó pẹ́ ni, èyí tí wọ́n fi ń lu itan ara wọn.

Mo já wọlé. Àlàájà Hàbíbátù ló wà lórí ẹní, òun àti Ìyá Mùrí tó ń ta òwú ìránṣọ lójúde wa, àti Màmá Mercy ti ìjọ Onítẹ̀bọmi. Mọ́ínmọ́ín, ẹ̀kọ, màsà àti kaṣú yíyan ló kún iwájú wọn. Rìnsọ́lá dùbúlẹ̀ gbalaja láàrin wọn, ó di ikùn mú, omi ẹ̀rín ń bọ́ lójú rẹ̀.

Inú bí mi! Mo ní, “Ẹ̀yin màmá, ṣé kì í ṣe pé mo bẹ̀ yín ni?”

Àlàájà wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, “Bọ́ bàtà rẹ kí o jókòó. Ìwọ lo kéré sí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ọkọ kì í ṣe ohun tí obìnrin ń pàdánù kó sì máa dá jókòó. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lọ síbẹ̀, a ti bọ̀.”

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọ inú orí mi nìyẹn. Mo wo funfun. Mo wo orí tó mọ́lẹ̀. Mo wo Rìnsọ́lá, òun náà sì wò mí bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ẹran. Mo gbé abọ́ mi lélẹ̀, mo bọ́ bàtà, mo sì jókòó.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo ti ilẹ̀kùn. “Rìnsọ́lá, ọkọ rẹ ńkọ́?”

“Níyì? Ó wà ní Abẹ́òkúta, Àǹtí. Ara rẹ̀ le koko.”

“Yéè!”

“Ẹ má pariwo, ẹ jọ̀ọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wá, wọ́n ní ẹ kú ará fẹ́ra kù. Mo ní n óò sọ fún wọn. Kí n tó lanu, Àlàájà ti fà mí mọ́ra. Àǹtí, ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fà mí mọ́ra báyẹn. Mo ní bí wọ́n bá jókòó, n óò sọ. Wọ́n jókòó, Ìyá Mùrí bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀.”

Ọkọ Ìyá Mùrí, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ọkùnrin tó lè sùn níbi gbogbo ni. Ó sùn lórí kẹ̀kẹ́, ó sùn nínú òjò. Ó sùn níbi yìgì òun àti ìyàwó rẹ̀. Àlùfáà bi í lẹ́ẹ̀mẹta pé ṣé ó gbà, àfi ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ gún un níhà, ló fò dìde tó ní, “Mo gbà! Mo gbà! Kí ni?” Diákónì Peter, ọkọ Màmá Mercy, a máa kọ ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin. Yóò fi ọwọ́ kan di etí, yóò dijú, kò sì ní mọ̀ bí orin bá parí. Lọ́jọ́ Àjíǹde kan, ó dá ẹsẹ orin kan kọ látòkè délẹ̀ nígbà tí pásítọ̀ ti ń gbàdúrà. Àkànbí, ọkọ Àlàájà, rédíò ni tirẹ̀. Ó ń gbé e lọ sóko ní Kuta, ó ń gbé e wọ ilé ìwẹ̀. Bí akáròyìn bá sọ ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò pa rédíò náà fún ọjọ́ kan láti fi jẹ akáròyìn níyà.

Rìnsọ́lá ń sọ, ó ń fò sókè sódò. Ó fa kọ́tìnnì kan. Ọmọláńgidi kan fẹ̀yìn ti ògiri níbẹ̀, kò tíì ní apá, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ti ṣubú sí èjìká, orúnkún rẹ̀ ti rọ̀. Ó ń sùn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé kí a rọra sọ̀rọ̀.

“Ọwọ́ mi ti jí, Àǹtí,” ó wí, ojú pupa náà ń dán.

Ó yẹ kí n jáde lọ bá Àlàájà lójú ẹsẹ̀ kí n sọ òtítọ́. Mo mọ̀. Mo tilẹ̀ wọ bàtà. Ṣùgbọ́n mo ro Bọ̀dá Siraju, mo ro kọ́kọ́rọ́, mo ro ọkùnrin aláìlápá tó ń sùn yẹn, mo bọ́ bàtà padà. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ bú mi.

Ẹ ò rí irú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó tẹ̀ lé e! Àárọ̀ ni àwọn opó ń dé, bí wọ́n bá ti jáde ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ń rọ́ wọlé. Àwọn ọmọ ló ń já òwú, àwọn ló ń gé igi, àwọn ló ń wọn apá pẹ̀lú okùn. Kíláàsì kẹrin kọ́ ìwọ̀n lára itan Diákónì Peter ju bí wọ́n ti kọ́ ọ nínú ìwé lọ. Mo bẹ gbogbo wọn pé kí wọ́n má sọ nílé, kí ó lè ya gbogbo èèyàn lẹ́nu, wọ́n sì pa á mọ́. Lóòótọ́, èmi ò mọ̀ pé ọmọ Ìwó lè pa nǹkan mọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ojú àwọn ọmọláńgidi náà nìkan ló fún wa ní wàhálà díẹ̀. Mo lọ bi Ustaz Abdulqowiyy tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Lárúbáwá bóyá ẹ̀sìn gbà á. Ó ronú, ó fa irùngbọ̀n, ó ní ní tòun o, bí kò bá sí ojú, imú àti ẹnu, ọkàn òun balẹ̀. Rìnsọ́lá ní kò burú, a kì í fi imú mọ ẹni tí a fẹ́ràn, ìdúró rẹ̀ la fi ń mọ̀ ọ́n lókèèrè. Báyìí ni gbogbo wọn ṣe jẹ́ aláìlójú.

Ṣùgbọ́n irọ́ kì í dá rìn. Lọ́jọ́ kan Màmá Mercy ní kí Rìnsọ́lá náà sọ díẹ̀ nípa olóògbé tirẹ̀, kó lè fúyẹ́. Kò mọ irọ́ tí yóò pa, ló bá sọ òótọ́: pé Níyì fẹ́ràn búrẹ́dì ju ẹran lọ, pé kò mọ bí wọ́n ti ń súfèé, pé bí ó bá wọlé, láti ẹnu géètì ni yóò ti máa pariwo pé, “Ìyàwó mi dà?” Àwọn obìnrin mẹ́ta náà sunkún. Wọ́n sunkún títí ìborùn fi rin, wọ́n ń sunkún Níyì tó jókòó jẹ́jẹ́ sí Abẹ́òkúta, tó ń jẹ búrẹ́dì. Mo sá lọ sí yàrá kejì, mo fi ìrọ̀rí bo ẹnu. Mi ò lè sọ fún yín bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹ̀rù.

Ogójì ọjọ́ pé ní ọjọ́ Sátidé. Àwọn òbí dé, àwọn ọmọ dé, Ustaz dé. Bọ̀dá Siraju dé pẹ̀lú fìlà funfun. Kò tilẹ̀ jókòó, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí bí ẹni tí yóò ti ilẹ̀kùn. A ti to ọmọláńgidi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí pálọ̀, a fi aṣọ bò wọ́n. Àwọn opó ló kù. Wọ́n yọ lókè. Kúlà ìrẹsì méjì ló wà lórí Ìyá Mùrí àti Màmá Mercy. Àlàájà Hàbíbátù gbé aṣọ àǹkárá tuntun dání, aláwọ̀ ewé, ó ti rán an.

Ó ní, “Rìnsọ́lá, ogójì ọjọ́ tiyín pé lónìí. A wá bọ́ funfun lára rẹ.”

Rìnsọ́lá ṣí ẹnu. Mo rí i pé ó fẹ́ sọ ọ́, mo búra pé mo rí i. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀kadà kan dúró ní ìta, tí ọkùnrin gíga kan sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì gígùn mẹ́ta lábẹ́ abíyá.

“Ìyàwó mi dà?” ó ké láti ẹnu géètì. “Rìnsọ́lá! Ó ku ẹni tó máa pàdé Níyì o!”

Ìyá Mùrí wo ọkùnrin náà. Ó wo búrẹ́dì náà.

“Níyì?” ó wí. “Níyì oníbúrẹ́dì?”

“Ẹ kú ilé o, màmá! Ẹ gbọ́ orúkọ mi?”

“Lá ìláhà ìlàlláhù!”

“Ẹ̀jẹ̀ Jésù!” ni Màmá Mercy ké, kúlà orí rẹ̀ sì ré lulẹ̀, ìrẹsì fọ́n káàkiri. Àwọn obìnrin tú ká. Àwọn òbí tí kò mọ nǹkan kan tẹ̀ lé wọn, nítorí pé ẹni tí àgbà ń sá níwájú rẹ̀ kì í dúró béèrè. Níyì bojú wẹ̀yìn láti wo ohun tí wọ́n ń sá fún. Kò rí i, ló bá bá wọn sá. Ìgbà tó yí ilé-ìwé po lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú búrẹ́dì rẹ̀, tí àwọn opó sì bojú wẹ̀yìn tí wọ́n rí i pé òkú náà ń lé àwọn bọ̀, ariwo tó sọ níbẹ̀, wọ́n gbọ́ ọ dé Ilé-Ogbó.

Ustaz ló mú Níyì lápá, tí ó tẹ ara rẹ̀ wò, tí ó sì kéde pé èèyàn ẹlẹ́ran ara ni. Wọ́n rọra padà wá, kálukú ń mí hẹlẹhẹlẹ. Rìnsọ́lá kúnlẹ̀ sórí ìrẹsì tó dà sílẹ̀.

“Ẹ foríjì mí,” ó wí. “Ọkọ mi kò kú. Kò sígbà tó kú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló yẹ kí n ti sọ. Mo fẹ́ràn bí ẹ ti ń wá ni, ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá sọ, ẹ ò ní wá mọ́.”

Èmi náà kúnlẹ̀. “Mo mọ̀ láti ọjọ́ kẹjọ,” mo wí. Ìtìjú bò mí débi pé mi ò lè gbójú sókè.

Màmá Mercy ní, “Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbààwẹ̀ fún ọ.” Ohùn rẹ̀ kéré. Ìyẹn dùn mí ju kí ó bú mi lọ.

Bọ̀dá Siraju na ọwọ́. “Haneefah, ilé bàbá wa lo sọ di ilé irọ́. Kọ́kọ́rọ́.”

Mo ti ń tú etí gèlè mi níbi tí mo so kọ́kọ́rọ́ náà mọ́, nígbà tí Àlàájà Hàbíbátù yí ẹ̀yìn padà. Bàtà rẹ̀ kan ti bọ́ níbi tí ó ti ń sá, ó sì wọ pálọ̀ lọ láti wá a. Nínú gbogbo rúgúdù yẹn, aṣọ tí a fi bo àwọn ọmọláńgidi ti já bọ́. A kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Ìyá Mùrí tẹ̀ lé e wọlé, Màmá Mercy tẹ̀ lé Ìyá Mùrí, gbogbo wa sì rọ́ lọ sí ẹnu ọ̀nà.

Ìyá Mùrí ló kọ́kọ́ rí tirẹ̀, tó fẹ̀yìn ti ògiri, tí orí rẹ̀ wà lórí èjìká. Kò sí ojú, kò sí ẹnu, síbẹ̀ kò béèrè pé ta ni. Ó rìn lọ bá a, ó sì fi ìgbọ̀nwọ́ gún un níhà. “Jí, ìwọ ọkùnrin yìí,” ó wí. “Àlùfáà ń bi ọ́ bóyá o gbà!” Ó bú sẹ́rìn-ín, ó gbá a mọ́ra. Màmá Mercy dúró níwájú ẹni tó fi ọwọ́ kan di etí. Ó gbọn òwú kékeré kan kúrò ní èjìká rẹ̀. “Peter,” ó wí jẹ́jẹ́, “dákẹ́. Wọ́n ti ń gbàdúrà.”

Ṣùgbọ́n Àlàájà kò rẹ́rìn-ín, kò sì sunkún. Iwájú Àkànbí ló dúró sí. Rìnsọ́lá ṣe é bí ẹni tó ń ti oko bọ̀. Ọkọ́ wà léjìká, rédíò wà létí, bàtà méjèèjì wà lọ́wọ́ kan, ó sì tẹ̀ba díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wọlé tí kò fẹ́ yí ẹrẹ̀ sílẹ̀. Ojú rẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ kọ sí ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀.

“Mi ò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí,” Àlàájà wí. Kò wo ẹ̀yìn, àmọ́ a mọ̀ pé àwa ló ń bá sọ̀rọ̀. “Mo bá ọkùnrin yìí jà. Nítorí rédíò. Mo yọ bátìrì rẹ̀ jù sí kànga. Ó bínú, èmi náà bínú. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń ti oko dé tó ń sọ pé, Àṣàkẹ́, mo dé o. Mi ò dá a lóhùn. Lọ́jọ́ kẹrin, àwọn ará Kuta ni wọ́n gbé e wá sílé. Ó di ọdún mọ́kànlá.”

Ó ká ìborùn rẹ̀ mọ́ra, ó sì kúnlẹ̀, pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó máa ń dùn ún, ó kúnlẹ̀ gbọnrangandan.

“Ẹ káàbọ̀ o, ọkọ mi,” ó wí. “Ẹ kú oko. Ẹ má bínú. Ẹ wọlé.”

Gbogbo wa sunkún. Ustaz sunkún. Bọ̀dá Siraju kọjú sí ògiri, ó ń bá fìlà rẹ̀ jà. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin sunkún pẹ̀lú ìgbéraga, nítorí pé àwọn ló gé igi ọkọ́ náà.

Àlàájà dìde, ó fi ìborùn nu imú, ó sì di ara rẹ̀ padà kíá.

“Rìnsọ́lá.”

“Mà.”

“O jẹ oúnjẹ opó.”

“Mo jẹ ẹ́, mà.”

“O gba omijé wa.”

“Mo gbà á, mà.”

“Ogójì ọjọ́ péré lo tíì ṣe. Lọ́dọ̀ tiwa, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni opó. O kò lè jẹ mọ́ínmọ́ín wa kí o ṣe ìlàjì. Padà sí yàrá rẹ. Oṣù mẹ́ta ló kù ọ́ kù, o kò sì lọ ibì kankan.”

“Àmín!” ni Màmá Mercy wí kó tó ronú sí i.

“Àbúrò mi tó jẹ́ opó wà ní Ilé-Ogbó,” ni Ìyá Mùrí bọ́ sí i. “Ọkọ tirẹ̀ a máa bá ewúrẹ́ ṣeré ayò. Lọ́la ni n óò mú un wá.”

Níyì gbé ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé-ìwé. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi ńkọ́?”

Àlàájà yíjú sí i. “Ìwọ? Ìwọ ti kú. Òkú kì í dá sọ́rọ̀ alààyè. Jókòó, kí wọ́n bu ìrẹsì tó kù fún ọ.”

Ó jókòó. Ó gé búrẹ́dì rẹ̀, ó ń pín in fún àwọn ọmọ, inú rẹ̀ sì dùn ju ti ọ̀pọ̀ alààyè lọ. Ọwọ́ Bọ̀dá Siraju ṣì wà ní nínà. Àlàájà rí i.

“Siraju, kí lò ń tọrọ?”

Ẹ̀gbọ́n mi wo ọwọ́ náà bíi pé ti ẹlòmíràn ni. Ó wò mí. Mo mú kọ́kọ́rọ́ dání. Ó ká ọwọ́ náà kò, ó ní, “Kò sí nǹkan, mà. Apá ló ń ro mí.” Lẹ́yìn náà ni ó tẹ̀ba, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ìrẹsì nílẹ̀. Ayọ̀ tó gbé mi lọ́jọ́ náà, mi ò mọ ohun tí mo lè fi wé e. Mo jó láìsí ìlù, mo gbá Ustaz mú, ó sì gbọn mí dànù tìtìjú-tìtìjú.

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí kálukú ń lọ, Àlàájà gbé Àkànbí. Mo ní kí n bá a gbé e, ó kọ̀. Níyì náà bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Ó dá kẹ̀kẹ́ dúró, nítorí orúnkún rẹ̀ kì í jẹ́ kí ó rìn jìnnà. Ó kọ́kọ́ gbé Àkànbí jókòó dáadáa, ó tún rédíò rẹ̀ ṣe sí etí, ó wá wọlé jókòó tì í.

Oníkẹ̀kẹ́ yíjú padà. Ó ní, “Màmá, ṣé ẹ̀yin nìkan ni ká máa lọ?”

“Ṣé o kò ríran ni?” Àlàájà dá a lóhùn. “Àwa méjì ni.”